A Lọ Sinmi ní Àjàṣẹ́

 

 Ọ̀rọ̀ ilé-kéwú ni ẹ sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wa: ọmọ tí kò fẹ́ há Alùkùránì sórí, òbí tí kò san owó oṣù, olùkọ́ tí ẹgba kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fàájì ni a mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lanu sílẹ̀. Àáfà náà a máa sinmi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe jẹ́ tí ènìyàn fi lè ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ kí ó má tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ní ilé-kéwú ti àtijọ́, Àlàmísì àti Jímọ́ọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó, Sátidé àti Sọ́ńdè ni. Ẹni tó bá ń ṣe olùkọ́ Lárúbáwá ní àgbègbè Mowe àti Ìbafo, tí ó sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa dáná, yóò kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú láàárín ọ̀sẹ̀, yóò sì tún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó ní Sátidé àti Sọ́ńdè, nítorí ọjọ́ méjèèjì yẹn ni àwọn òbí wọn ráyè mú wọn wá. Jímọ́ọ̀ ńkọ́? Jímọ́ọ̀ ni ti kútùbá, ti àwọn tó fẹ́ so yìgì, ti àwọn tó ń ṣe fìdáù. Bí a bá ka ọjọ́ méjèèje pọ̀, a kò rí èyí tó jẹ́ tiwa nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀rẹ́ wa ń gbé ní Ìfọ̀. Àáfà Ìfọ̀ ni a ń pè é, Àáfà Mowe ni òun náà ń pè wá. A jọ kéwú ní Markaz ní Agége ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Shaykh Adam Abdullah al-Ilori ṣì wà láyé. A jọ sùn lórí ẹní kan náà, a jọ jẹ gààrí inú abọ́ kan náà. Òun ló máa ń ha nǹkan sórí kíákíá. Tiwa ni ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé yìí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ó pè wá lórí fóònù.

Ó ní, “Àáfà Mowe, ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí á lọ sinmi nílùú òkèèrè, kí á lọ ní Jímọ́ọ̀ kí á dé ní Sọ́ńdè.”

A bi í pé Mọ́kà ni tàbí Lọ́ńdọ̀nù.

Ó rẹ́rìn-ín. “Owó Lọ́ńdọ̀nù dà? Àjàṣẹ́ ni.”

A kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ Sátidé? Ìyá àwọn ọmọ wa ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Ó ní, “Ẹ lọ o. Ilé-kéwú kò ní sá lọ. Bí ẹ bá kú, wọn ò ní ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a ò sì rí èsì fún un.

Ìlú òkèèrè ni Àjàṣẹ́ lóòótọ́, bí àwọn kan tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bìnì ni, èyí tó ń jẹ́ Dàhòmì títí di ọdún 1975, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnú ni ìjọba wọn jókòó sí. Àwọn Pọtogí ló fún un ní orúkọ Porto-Novo. Hogbonu ni àwọn Ègùn ń pè é. Àwa Yorùbá ní Àjàṣẹ́. Àsíá wọn yàtọ̀ sí tiwa, owó wọn yàtọ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba. Àmọ́ bí o bá dé ọjà wọn, Yorùbá ni ìyá ẹlẹ́ja yóò fi bú ọ bí o bá nájà tí o kò rà. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n fa ìlà sí àárín ilẹ̀ wa. Ìfọ̀nyìn wà níhìn-ín, Ìfọ̀nyìn wà lọ́hùn-ún. Shaykh wa pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọmọ Ìlọrin, Wasa tó wà ní òkè ilẹ̀ Bìnì ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 1917.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, a kúrò ní Mowe lẹ́yìn ìrun Àìlà. Bí ẹyẹ bá ni ènìyàn, Mowe sí Ìfọ̀ kò jìnnà. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ mọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ Èkó kí ó tó tún jáde. A jókòó sójú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbafo, a gba Bẹ́gà, a gba Agége, a gba Sàngó. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Mowe, igbó ni a ń wò láti ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ilé ni gbogbo rẹ̀ báyìí, ọmọ sì kún inú ilé, a dúpẹ́, nítorí láti inú wọn ni a ti ń jẹun. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Ìfọ̀, níbi tí ojú irin Abẹ́òkúta gbà kọjá, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan sì yà lọ sí Ìláró àti Ìdógò.

A sùn sílé ọ̀rẹ́ wa. Ní ìdájí, a gbọ́ ladani láti inú gbohùngbohùn mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Mọ́sáláṣí náà kò tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó ní kí a ṣíwájú, a kírun níbẹ̀. Kò sọ ìdí tí a kò fi jáde. A kò sì bi í, nítorí a mọ̀ ọ́n.

A ó dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Láti Sàngó, ọkọ̀ gba Ọ̀tà, ó gba Àtàn àti Ọwódé, ó gba Ajílété dé Ìdírókò. A ṣe àdúà ìrìn-àjò, lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró. Nígbà tó dé orí mẹ́tàdínlógún, ó ní kíkà ti tó, kí ó má bàa di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹnubodè Ìdírókò ti rí nǹkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n ṣí àwọn kan ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdírókò kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Ẹ wo ilé oúnjẹ tó ti kú sójú ọ̀nà yẹn láàárín ìgbà náà, ẹ ó mọ̀ pé ìlà tí òyìnbó fà kì í ṣe ìlà orí ìwé nìkan.

Ìwé ìrìnnà ECOWAS wà lọ́wọ́ wa. Láti inú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 ni ọmọ orílẹ̀-èdè kan ti lè wọ èkejì kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Àwa ò bèèrè ju mẹ́ta lọ. A rìn kọjá sí Ìgólò. A ṣẹ́ náírà sí séfà, ojú sì ti náírà wa. Láti oṣù kẹfà ọdún yẹn tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, ó ń rọ bí àkàrà inú omi. Séfà ní tirẹ̀ so mọ́ owó Yúróòpù, ibi tí wọ́n bá so ó mọ́ náà ni yóò dúró sí. Dẹ́rẹ́bà tó gbé wa lọ sí Àjàṣẹ́ náà rojọ́ tirẹ̀. Epo tí wọ́n ń tà sínú ìgò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní páyò, láti ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Bí ìjọba wa ṣe yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, owó páyò fò sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, tí òtútù bá mú yín, àwa ló ń sín.” A rẹ́rìn-ín títí a fi wọ ìlú.

A dé ní àsìkò Jímọ́ọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀, ẹ gbọ́ bí mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ Àjàṣẹ́ ṣe rí. Bí o bá kọ́kọ́ rí iwájú rẹ̀, o ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni: ilé ìṣọ́ méjì lápá ọ̀tún àti òsì, òdòdó àti ọnà lára ògiri, ọ̀dà aláràbarà tí òòrùn ti ń jẹ. Ọ̀rẹ́ wa dúró ní ìta gbangba, ó gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n. Kò kúkú jẹ́ nǹkan ìyanu. Àwọn tó padà dé láti Bràsíìlì ló kọ́ ọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, irú ilé ìjọsìn tí ojú wọn ti mọ̀ ní Bàhíà ni ọwọ́ wọn sì mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ sí ìtàn yìí, nítorí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ yín ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ìlú Salvador dìde sí àwọn olówó wọn. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ “Ìmàle” tiwa náà ni. Wọ́n ṣẹ́gun wọn lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì dá àwọn kan padà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ohun tó máa ń jọ wá lójú jù ni ìwé Lárúbáwá tí wọ́n bá lára àwọn tó kú. Ẹrú tó ń ru ẹrù lójú pópó lọ́sàn-án ń kọ wàláà lóru. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wọn àti ọmọ wọn fúnra wọn padà sí Èkó, Wíìdà, Àgúẹ́ àti Àjàṣẹ́ yìí, àwọn kan pẹ̀lú orúkọ Pọtogí lórí, àwọn kan pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọmọlé tó ti Bràsíìlì dé ló kọ́ òun náà.

A kírun Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú wọn. Arìnrìn-àjò ni wá, kò pọn dandan fún wa, ṣùgbọ́n ta ni yóò dé ẹnu odò tí kò ní bọ́ ẹsẹ̀ sí i? Nígbà tí Alásárì dé, ọ̀rẹ́ wa ní a óò dín ìrun kù sí òpó méjì. A fẹ́ jiyàn. Ó ní, “Máìlì 48 ni ti àwọn ará Málíkì. Àáfà, ṣé kò tó ni?” Ó tó, ó sì kù. A kírun òpó méjì, ara wa sì fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ọdún mélòó ni a ti ń fi ẹfun kọ orí ìrun arìnrìn-àjò sójú pátákó fún ọmọ, tí àwa fúnra wa kò rìn jìnnà tó láti lò ó!

Bàbá kan tó lé ní ọgọ́rin ọdún bá wa jókòó sábẹ́ ìbòòji. Orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ ti Pọtogí, Mùsùlùmí ni láti ìdí bàbá ńlá rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ sì dùn bíi ti ará Kétu. Ọ̀rẹ́ wa bi í bóyá ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù a máa dá ìjà sílẹ̀ nílùú wọn. Bàbá náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.” Àwa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ wa kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Sátidé ni fàájì gangan. Lẹ́yìn Àsùbá, a padà sùn. Ẹ gbọ́ o: a padà sùn! Aago mẹ́sàn-án lu, ọkàn wa sáré sí ilé-kéwú. A ń rò ó pé àwọn ọmọ ti ń kó bàtà síta báyìí, ta ni yóò gbọ́ àkàsórí wọn? A fa fóònù yọ láti pe igbákejì wa. Ọ̀rẹ́ wa gbà á lọ́wọ́ wa, ó kì í bọ àpò ara rẹ̀, kò sì fún wa títí di alẹ́. A jẹ búrẹ́dì gígùn tó le lẹ́yìn tó rọ̀ nínú, a mu tíì oníwàrà nínú ife ńlá. A gun kẹ̀kẹ́nọ̀, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, lọ sí ọjà Wandó. A wo ìta ààfin Ọba Tọ́fà, tó jẹ láti 1874 títí di 1908, tó fi ìlú rẹ̀ sábẹ́ àbò Faransé nítorí ìbẹ̀rù àwọn ará Àgbómì. A kò rojọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó ti lọ rò ó níbi tí a ti ń rojọ́.

Ní ọ̀sán, a jẹ àmìwó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìyẹ̀fun àgbàdo ni, tí wọ́n fi omi ẹran àti tòmátì rò títí ó fi pọ́n, tí wọ́n sì gbé adìyẹ díndín lé lórí. Ọ̀rẹ́ wa jẹ méjì. A lọ jókòó sí etí ọ̀sà, a ń wo àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń ju àwọ̀n. Kò sí ẹni tó mọ̀ wá. Kò sí ẹni tó pè wá ní Àáfà. Kò sí ẹni tó ní kí a ṣe àdúà fún òun. A bọ́ fìlà, a gbé e sórí eékún, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa lórí. A rántí ìgbà kan ní Markaz tí ọ̀rẹ́ wa gun igi ìbẹ́pẹ, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì dá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ jáde, nínú yàrá ilé àlejò, lẹ́yìn Ìṣáì. Iná ti lọ. Níbẹ̀ náà iná a máa lọ.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọ̀rẹ́ wa fi ṣe Lèmọ́mù ràtíbì ní mọ́sáláṣí tí a sọ pé a gbọ́ ladani rẹ̀. Ní 2019, wọ́n ní owó ìkọ́lé dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà ó lé díẹ̀, wọ́n ní òun ló kó o jẹ. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n pe àwa náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àgbà nínú ìmọ̀. Owó kan kò sọnù. Òun ló tilẹ̀ ta ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní Papalantó tó fi ra sìmẹ́ńtì nígbà tí iṣẹ́ dúró, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìṣirò kan. Àwa ni a kọ ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé wa tó dára. Wọ́n ní àwọn kò rí ìwé náà. Wọ́n bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀.

A wo ilẹ̀. A kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó jókòó níwájú níbi ìpàdé náà ti ṣèlérí pé òun yóò kan òrùlé sí ilé-kéwú wa ní Mowe. Òjò ń pa àwọn ọmọ nígbà náà. Òun sì ni ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa kúrò. Wọ́n yọ ọ̀rẹ́ wa. Bàbá náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Páànù náà wà lórí ilé-kéwú wa títí di òní tí a ń kọ èyí.

Ọdún mẹ́rin ni a fi ń sọ fún ara wa pé ọ̀rẹ́ wa ti gbàgbé ẹni tó kọ ojú ewé yẹn. Nínú òkùnkùn, ó ní, “Àáfà Mowe, òjò ò pa àwọn ọmọ yẹn mọ́, àbí?”

A ní, “Rárá.”

Ó ní, “Ó dáa.” Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Èmi ni òjò ń pa.”

A kò ní purọ́ fún yín pé a sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kankan. A sunkún bí ọmọdé. Ẹsẹ̀ 283 nínú Súrà Bákárà, lórí ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́, a ti kọ ọ́ sójú pátákó ju ogún ìgbà lọ, a ti na ọmọ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n kà. A bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti yọ̀ǹda wa láti ọdún tó kọjá, pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ní pè wá jáde. A bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ó ní, “Níbo? Ní Ìfọ̀, ògiri á gbọ́. Ní Mowe, àwọn ọmọ kéwú rẹ á gbọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fojú kékeré wò ọ́. Níbí, kò sí ẹni tó mọ̀ wá.”

A bèèrè ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan. Ó yí ojú sí ògiri, kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Àwa kò sùn.

Ní Sọ́ńdè, a ra búrẹ́dì gígùn àti wàràkàṣì fún àwọn ará ilé, a sì padà gba Ìgólò. Ọ̀rẹ́ wa ń sọ àsọrégèé pẹ̀lú àwọn èrò ọkọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a dé Sàngó tí a fẹ́ pínyà, a sọ fún un pé kí ó retí wa ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Ó wò wá, ó ní, “Má ṣe é nítorí mi.” A ní kì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan.

Ní Jímọ́ọ̀ náà, ní ìrun Alásárì, a di ọwọ́ rẹ̀ mú wọ mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀. Ọdún mẹ́rin nìyẹn tí kò wọ ibẹ̀. Wọ́n yẹ̀ fún wa ní sàfù kejì. A kì í ṣe arìnrìn-àjò tó ń dá kírun. Ẹ̀yìn Lèmọ́mù onílé ni a wà, òpó mẹ́rin ni a kí, pípé pérépéré. Lẹ́yìn sàlámà, a dìde, a tọrọ àyè, a sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò náà láti orí dé ìdí, títí kan ọ̀rọ̀ òrùlé. Ẹsẹ̀ wa ń gbọ̀n lábẹ́ jálámíà. Àwọn kan ké Allahu Akbar. Àwọn kan ní kí ló dé tó fi di ìsinsìnyí. Wọ́n jàre, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wá ni.

Wọn kò dá a padà sípò, òun náà kò sì bèèrè. Lèmọ́mù tó wà níbẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ń kírun níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti ka sìmẹ́ńtì rẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣe ìtọrẹ. Bàbá tó kan òrùlé fún wa kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kúrò ní ilé-kéwú wa lóṣù kan náà, owó oṣù wọn sì ni a fi ń san ti igbákejì wa; ó pẹ́ kí a tó rí ibi dí i. Bí òjò bá ń rọ̀, a máa ń gbọ́ ọ lórí páànù náà.

Ọ̀rẹ́ wa ka èyí kí a tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó yọ ibi méjì kúrò, ó sì ní àmìwó kan péré ni òun jẹ, kì í ṣe méjì. Méjì ni ó jẹ. Séfà ẹgbẹ̀rún méjì ló ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ láti ìrìn-àjò náà. Ó ní kí a má ṣe ṣẹ́ ẹ, pé Wíìdà ló kàn.